Iṣẹ́ Tí Mi Ò Fẹ́ Kí O Wá Gbà Lọ́wọ́ Mi

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé ara le, ṣé ojú tó ń dùn ọ́ níjọ́sí ti fúyẹ́? Àwa níbí ń mí, a sì ń jẹun. Eyín iwájú méjì ti ká lẹ́nu ọmọ mi, ó wá ń fi àlàfo ibẹ̀ súfèé kiri ilé.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ka ibi tí o ti to àwọn èdè kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé gbogbo wọn níyàwó lọ́jọ́ kan náà: èyí tí wọ́n fi ń ṣe ojú ewé ayélujára, èyí tí wọ́n fi ń ṣe áàpù orí fóònù, àti Páítọ̀n tí gbogbo ayé ń pariwo. O ní kí n mú ọ̀kan fún ọ. Mi ò tètè dáhùn nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́.

Nígbà tí mo jáde ilé ìwé, ìbéèrè yìí kan náà ni mo bi ara mi. Ilé iṣẹ́ omi ń wá ẹni tó máa kọ́ èdè àtijọ́ kan, èyí tí wọ́n fi kọ ètò tó ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀rọ tó ń fa omi wọ ìlú. Bàbá kan tí a ń pè ní Bàbá Onígíláàsì ló kọ ọ́, wọ́n sì fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sá fún un; èmi rò pé mo gbọ́n. Mo ní ohun tí ẹlòmíràn ò mọ̀ ló máa sọ mí di ẹni pàtàkì. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi mọ̀ ọ́n tinú tẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí Bàbá ń lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun tí o wá." Omi lé ròrò sí wọn lójú. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún.

Ọdún kẹrìnlá rèé. Yàrá mi kò ní fèrèsé, ó tutù bí inú fìríìjì nítorí àwọn ẹ̀rọ ibẹ̀, súwẹ́tà ni mo ń wọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi nìkan ló mọ ètò náà. Bí mo bá gba ìsinmi, fóònù ò ní jẹ́ n sinmi. Ọjọ́ kẹta tí mo bímọ, ọ̀gá wa, tí èmi àti òun jọ wọṣẹ́ lọ́dún kan náà, gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó tọrọ àforíjì, ó sì dúró. Apá kan ìlú ò rí omi. Mo gbé ọmọ fún nọ́ọ̀sì, mo tún ètò náà ṣe.

Má rò pé mi ò gbìyànjú. Èdè tuntun mẹ́rin ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nínú mọ́tò, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi. Bí mo bá dé ìdajì ọ̀kan, màá gbọ́ pé òmíràn ló ń mú iṣẹ́ wá báyìí, màá sì ju ti ọwọ́ mi sílẹ̀. Mi ò parí ìkankan.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ wá iṣẹ́ síbòmíràn. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n kéré sí mi gan-an ló jókòó níwájú mi. Wọ́n fún mi ní ìṣòro kan, mo yanjú rẹ̀ sórí pátákó kí kọ́fí wọn tó tutù. Wọ́n wá bi mí nípa ohun tí àwọn ń lò lójoojúmọ́. Fídíò rẹ̀ nìkan ni mo ti wò rí. Obìnrin tó wà láàárín wọn rọra sọ ọ́: "Ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ, mà. Ṣùgbọ́n a ò ní àyè láti dúró dè yín." Mo dúpẹ́, mo padà sínú òtútù mi.

Ọ̀gá gbọ́. Kò bínú, ì bá sàn kó bínú. Ó pè mí, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ ti sú mi. Ó wá béèrè rẹ. Ó ní, "Mú àbúrò rẹ wá. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀ ló máa wọṣẹ́. Kọ́ ọ. Ọjọ́ tó bá ti lè dá a ṣe, mo fi ọ́ sílẹ̀ lọ sí ẹ̀ka tó bá wù ọ́."

Mo ṣe àṣìṣe, mo sọ fún Màmá. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ti ra ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ méjì fún ọ. Wọ́n ní ọmọ àwọn méjì nínú ilé iṣẹ́ kan náà, kí ló tún kù?

Mi ò ní í purọ́ fún ọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ro ó. Mo tiẹ̀ kọ lẹ́tà kan sí ọ tó sọ pé iṣẹ́ náà dára, pé èdè àtijọ́ ni kí o kọ́. Ó dùn ún kà. Mo ti lẹ̀ ẹ́ pa. Ibi tí mo ti ń kọ àdírẹ́sì rẹ sí i lára ni mo ti ṣàkíyèsí pé mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Mo ya á.

Lánàá mo lọ bá ọ̀gá, mo ní o kò ní í wá. Ó ní, "O mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí." Mo ní mo mọ̀.

Nítorí náà, mú Páítọ̀n. Kì í ṣe tìtorí ariwo. Ó kàn jẹ́ ohun tí o lè gbé kúrò ní ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn ni. Kọ́ ọ parí kí o tó wo ẹ̀gbẹ́. Fi kọ ohun kékeré kan tí ẹnì kan máa lò lóòótọ́. Lẹ́yìn náà, kọ́ bí a ṣe ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ pọ̀, àti bí a ṣe ń kọ àlàyé tí ẹlòmíràn á fi lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ibi yòówù tí wọ́n bá ti fẹ́ gbà ọ́, bi wọ́n pé ta ló tún mọ iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá ní kò sí, dìde.

Kí ọpọlọ rẹ má ṣe rẹ̀ ọ́. Kí ohun tí o mọ̀ má ṣe di ohun tí wọ́n máa fi tì ọ́ mọ́lé. Ọlọ́run á fi ẹsẹ̀ rẹ lé ọ̀nà tó la já.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
tó pọ̀n ọ́ títí ẹsẹ̀ rẹ fi ń wọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Màmá máa pè ọ́. Sọ fún wọn pé ìwọ lo kọ̀ ọ́, kì í ṣe èmi. Inú wọn kì í pẹ́ rọ̀ sí ọ. Mi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún tí kò jáde.