Ọdún Tó Wà Nínú Fóònù Mi

Mujeedat ọmọ mi,

Àlàáfíà fún ọ níbi tó o wà ní Ajégúnlẹ̀, àlàáfíà fún Ṣàfíù ọkọ rẹ. Mo mọ̀ pé òjò máa ń wọ yàrá yín; Ọlọ́run kò ní jẹ́ kó wọ inú ayé yín. Àwa náà wà dáadáa níbí. Ewúrẹ́ alámì funfun ti bí ìbejì. Orúnkún ọ̀tún ń dùn mí, tòsì kò tíì mọ̀ pé a ti dàgbà.

Èmi fúnra mi ni mo kọ lẹ́tà yìí. Oṣù kẹta rèé tí mo ti wọ kíláàsì àwọn àgbàlagbà. Èmi ni mo dé kẹ́yìn, ẹ̀yìn pátá ni mo ń jókòó, mi ò kì í sọ̀rọ̀, àmọ́ kò sí ohun tí mi ò kì í rí. Mo mọ̀ pé bàtà Tíṣà Ganiyat ti já, okùn dúdú ló fi so ó kí a má baà mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni ọ̀rọ̀ tó o sọ nígbà tó o pè mí lọ́jọ́ Àlàmísì. O ní láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo ti fi àwòrán ọmọ inú rẹ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mi ò sì sọ nǹkan kan, bóyá inú mi ò dùn sí oyún náà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ojú ló tì mí láti sọ ìdí rẹ̀ lórí fóònù.

Bátìrì fóònù mi ló wú. Gafar tó ń bá wa cháàjì fóònù yọ ọ́, ó yá mi ní òmíràn. Nígbà tí fóònù jí, ó ní ọdún 2012 la wà. Gafar fẹ́ tún un ṣe, ó ní bí ọjọ́ ojú fóònù kò bá bá ti ayé mu, àwòrán kò ní wọlé. Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀. Mujeedat, ní 2012 bàbá rẹ ṣì wà láyé. Wọ́n ń kan ilé adìẹ lẹ́yìnkùlé, wọ́n sì ń bú ìṣó pé ó ń tẹ̀. Mo rò ó pé fóònù tó lè gbé ohùn rẹ wá láti Èkó kò ní ṣàdédé parọ́, bóyá ó rí ohun tí àwa ò rí. Láràárọ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, tí mò ń wo ọdún náà, tí mò ń kí bàbá rẹ kí n tó gbálẹ̀.

Mo sì ń ro ọ̀rọ̀ àkókò kiri. Ta ló kọ́kọ́ gé ọjọ́ sí wákàtí? Àkùkọ kò ní aago, ó ń kọ. Ìwọ lo sọ fún mi pé ìyarun, abẹ́rẹ́, bọ́tìnnì àti aago ara ògiri, inú ọkọ̀ ojú omi ni gbogbo wọn ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Àpápá, nítòsí ọ́fíìsì rẹ ní Liverpool Road. Bí aago bá ń gba ibẹ̀ wọlé, ọdún náà kò lè gba ibòmíràn. O tún ní tírélà máa ń jókòó ọjọ́ mẹ́rin sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Ìjọ́ra. Abájọ tí ọdún fi ń pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. O ní òfìfo ni ọ̀pọ̀ kọ̀ntéènà fi ń padà lọ. Ṣé òfìfo ni lóòótọ́? Ṣé kì í ṣe ọdún tá a ti lò ni wọ́n ń kó lọ? Bá mi bi ọ̀gá rẹ, jẹ́jẹ́ o, kó má bínú, bóyá wọ́n ń kó o pamọ́ síbì kan.

Lánàá ni Tíṣà ní kí n kọ déètì sójú pátákó. Mo yọ fóònù, mo da ohun tó wà níbẹ̀ kọ. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Hussainat, tá a jọ ṣe ọmọge, ní ṣé èmi nìkan ni mo fẹ́ padà di ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ni, kí n mú òun dání, eyín òun mẹ́rin wà níbẹ̀. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó bi mí pé, Ìyá, ta ló wà nínú ọdún yẹn? Mo sọ fún un. Ó wá bi mí pé, ta ni kò sí níbẹ̀?

Ìbéèrè yẹn bá mi délé. Ìwọ wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó ń fi ọṣẹ ṣòfò. Kò sí Ṣàfíù. Kò sí ewúrẹ́ alámì funfun. Ọmọ inú rẹ kò sí níbẹ̀ rárá. Bí mo bá jókòó síbẹ̀, èmi àti ọmọ náà kò ní pàdé.

Mo fi bírò sílẹ̀ níbí, mo lọ bá Gafar, mo ti dé. Ó tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ọdún mẹ́tàlá sì kọjá lójú mi, ewé kan kò mì. Àwòrán rẹ wọlé. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ló ń rọ̀ nínú fóònù. Mo yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀. Gafar ní orí rèé, ẹsẹ̀ rèé. Mujeedat, iwájú orí yẹn! Mo mọ̀ ọ́n, ti bàbá rẹ ni, òun náà ni wọ́n ń tẹ̀ sórí ìṣó lẹ́yìnkùlé. Mò ń ṣọ́ bàbá rẹ ní 2012, wọn ò sì dúró níbẹ̀, wọ́n ti ṣáájú mi wá.

Fi owó bátìrì ránṣẹ́, Gafar fẹ́ gba tirẹ̀. Fi owó bàtà kún un fún Tíṣà; mo ti fi okùn wọn ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú eruku, okùn náà wà nínú lẹ́tà yìí.

Ọlọ́run yóò sọ ọ́ kalẹ̀ tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ọjọ́ tó ń bọ̀ kò ní pẹ́ sí Ìjọ́ra.

Èmi ni ìyá rẹ, Suwaibat. Ọdún 2025 ni mo kọ ọ́. Èmi ni mo kọ déètì náà fúnra mi, mi ò wo fóònù.