Igun Mẹ́rin Pálọ̀ Màmá Clementina

Àtìní, 7 Oṣù Kẹwàá 1996

Màmá Clementina ránṣẹ́ pè mí sí Pópó Àgùdà. Òjò ti ba pálọ̀ wọn jẹ́. Pákó tó yí etí síílì ká ti rà, ti ìdí ògiri náà ti rà — àfi igun kan péré lókè fèrèsé. Ọ̀gá Raymond, ọkọ wọn olóògbé, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ káfíńtà, ló fọwọ́ ara wọn kan gbogbo rẹ̀ lọ́dún 1962. Màmá fẹ́ kí n parí rẹ̀ kí ẹbí tó pé jọ ṣe ìrántí àwọn òkú wọn níbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní, "Jíbrílù, ìwọ nìkan ló mọ bí Bàbá ṣe ń ṣe é."

Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Ẹnu lásán. Ìrora tó wà léjìká ọ̀tún mi ńkọ́? Àlejò ni mo sọ ọ́, torí ó dé lọ́dún tó kọjá, kò sì rántí ilé mọ́.

Àtàláátà, 8

Fi ayùn ọwọ́ gé pákó méjì. Apá kọ̀. Àlímọ̀t ìyàwó mi fi róòbù pa á, ó ń kùn pé ara kì í ṣe igi. Kò parọ́.

Àlàmísì, 10

Kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀: bébà ló ń bà mí lẹ́rù. Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá, bí a bá kan igun tán, wọ́n á ya etí ìwé, wọ́n á gbìyànjú láti tì í bọ ibi tí pákó méjèèjì ti pàdé. Bí bébà bá wọlé, tú u, gé òmíràn. Ọdún méje ni mo fi kọ́ṣẹ́, bébà ò yéé wọ igun tèmi. Títí dòní, lẹ́búlẹ́bú pákó àti gọ́ọ̀mù ni mo fi ń dí i kí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún mi tó dé. Igun Ọ̀gá ò gba bébà rí.

Bí ti pálọ̀ yìí ò bá pa dé, mo máa kó irinṣẹ́ mi fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kí n padà sí Ìjẹ̀bú. Ó ti rẹ̀ mí. Ayùn oníná nìkan ló kù tí n ò tíì dán wò.

Àtìní, 14

Títì Adéníji Adélé, lọ́dọ̀ Kàmọ́rù onítòkúnbọ̀. Ayùn oníná méjì ló ní tó ń gé igun. Ọ̀kan kàn ń sọ̀ kalẹ̀ bí àdá ni — Kúkúrú. Èkejì wà lórí irin gígùn méjì, èèyàn á fà á wá, á tì í lọ, orí rẹ̀ sì ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ — Fàlọ-Fàbọ̀. Kàmọ́rù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú kékeré. Èyí tó ń rìn yẹn, tí irin ẹ̀ bá ti jẹ, ó parí nìyẹn o."

Ọ̀rọ̀ ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n pákó ìdí ògiri ilé Àgùdà fẹ̀ tó ínṣì mẹ́sàn-án. Ẹnu Kúkúrú ò ká a. Mo ní mò ń bọ̀.

Àlàrùbá, 16

Padà lọ, mo gbé pákó ọ̀gànwó tèmi dání. Fa orí Fàlọ-Fàbọ̀ jáde tán, mo mì ín sọ́tùn-ún, mì ín sósì. Kò yẹ̀. Gé mẹ́rin, so wọ́n pọ̀ lórí tábìlì, ya etí bébà. Kò wọlé. Mo tún un ṣe. Kò wọlé! Kàmọ́rù ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè. Ọwọ́ òsì gan-an lè fà á, Àlejò á rí ìsinmi. Mo sanwó, mo gbé e.

Àtìní, 21

Igun àkọ́kọ́. Bébà wọlé.

Àtàláátà, 22

Igun kejì. Bébà wọlé, ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé e.

Àlàrùbá, 23

Mo ṣe ohun tí kò yẹ àgbà. Mo pe Kàmọ́rù lólè lójú gbogbo ọjà, mo ní ayùn wíwọ́ ló tà fún mi. Kò bú mi. Ó mú irin onígun tó fi ń wọn nǹkan, ó ní kí a jọ lọ sílé Màmá.

Ó fi irin náà sí igun pálọ̀: àlàfo wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì, bẹ́ẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹ̀gbọ́n, ayùn ò ṣẹ̀ yín. Ògiri ló wọ́."

Ògiri amọ̀ àtijọ́. Láti ọdún 1964 tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí, n ò wọn igun ògiri rí! Ojú kan ṣoṣo ni àpótí tí a fi ń gé igun ní lọ́dọ̀ Ọ̀gá, ibẹ̀ la sì ń gé gbogbo igun ayé sí. Igun ni igun, Ọ̀gá á ní. Kàmọ́rù fi hàn mí: wọn igun kọ̀ọ̀kan, pín in sí méjì, yí ayùn síbẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ó ti tán, ṣùgbọ́n kò mu omi tí mo gbé fún un.

Igun òkè fèrèsé ló wọ́ jù. Síbẹ̀, ti Ọ̀gá pa dé níbẹ̀. Báwo?

Jímọ̀, 25

Igun mẹ́ta ti pa dé, lókè nísàlẹ̀. Bébà kọ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn ju báyìí lọ. Igun Ọ̀gá ń wò mí.

Àtìní, 28

Òjò àná dé ibi igun Ọ̀gá. Màmá ní kí n yọ ọ́, wọ́n sì wọ ilé ìdáná lọ. Mo yọ ìṣó jẹ́jẹ́. Pákó méjèèjì ya, nǹkan já bọ́.

Bébà. Ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì, 1962, wọ́n ká a ní ìlọ́po mẹ́jọ, ọ̀dà gbẹ sí i létí.

Mo jókòó sórí àkàbà. Ọ̀gá mi! Ẹni tó tú igun mi mọ́kànlá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni omijé. Mo ti bébà náà bọ àpò. Màmá ò gbọdọ̀ rí i.

Àlàmísì, 31

Parí. Màmá wọlé pẹ̀lú awò ojú wọn, etí ìwé lọ́wọ́. Wọ́n dán igun wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bá wọn gun àkàbà fún ti òkè. Kò wọlé níbì kankan. Wọ́n dúró lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n wá na ọwọ́ sí mi: èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dà?

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń ṣa ìṣó.

"Jíbrílù, èmi ni mo ká a fún wọn."

Mo yọ ọ́ fún wọn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí orúnkún, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Wọ́n ní Ọ̀gá sunkún lọ́jọ́ náà, pé àwọn á tún un ṣe lọ́la. Ọ̀gá ń sọ lọ́la yẹn títí wọ́n fi kú.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo sọ ti lẹ́búlẹ́bú pákó àti gọ́ọ̀mù tèmi fún wọn, gbogbo rẹ̀, n ò fi ọ̀kan pa mọ́. Ìjẹ̀bú á dúró dè mí.