Títo Kọ̀ǹpútà Ń Kúrò Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Karùn-ún, 2024

Madam Abena, ọ̀gá wa, ti fọwọ́ sí i. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí prógráàmù wa kò ní í máa pe èmi Fàsílátù mọ́ pé kí n wá jókòó ti kọ̀ǹpútà òun fún ọjọ́ méjì. Àṣẹ kan ṣoṣo ni yóò tẹ̀, gbogbo nǹkan á sì to ara rẹ̀ sípò. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àṣẹ náà. Èmi tí mi ò kàwé kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Sabon Zongo, ní Accra níbí, kí wọ́n tó gbà mí sí ọ́fíìsì wa ní àdúgbò Alajo yìí. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ: Ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ó wù mí. Ẹ̀rù ń bà mí. Ewo ni ká ti gbọ́?

Ìṣẹ́gun, 7

Mo sọ fún Ọláṣùpọ̀ nídìí oúnjẹ. Ọkọ mi ò mọ kọ̀ǹpútà, aṣọ ló ń tà ní ọjà Makola. Ó ní, "Ìyá Habiba, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ń pè ọ́ náà lo fẹ́ pín lọ́fẹ̀ẹ́ yìí? Tí wọ́n bá gbà á tán, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ọ́ ṣe?"

Mo ní kó jẹun. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́rú, 8

Dumsor. Iná lọ láàárọ̀, kò dé títí a fi ṣíwọ́. Mo ń fi páálí fẹ́ ara mi, mo ń ronú. Ìrònú burúkú.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ọmọ-ọ̀dọ̀ ti ń rìn! Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà lórí mi ni mo ti kọ sí i.

Rárá. Kí n má purọ́ fún ìwé. Mo yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Makola ló ń fi prógráàmù wa ṣírò ọjà. Olonka ni wọ́n fi ń wọn gàrí àti ẹ̀wà, agolo ńlá yẹn, kì í ṣe kílò. Fáìlì kékeré kan ló ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní olonka. Èmi ni mo máa ń fọwọ́ ara mi gbé e wọlé nígbẹ̀yìn. Ibi tó wà, èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n. Mo ní màá fi í kún un lọ́la. Mo mọ̀ pé mi ò ní í ṣe é.

Jímọ̀, 10

Kwabena ló kọ́kọ́ dán an wò. Òun ni olórí àwọn tó ń kọ prógráàmù, ọmọ yunifásítì, àmọ́ Auntie ló ń pè mí. Ó nu gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ dànù, ó tẹ àṣẹ. Prógráàmù ṣí. Kílò níbi gbogbo. Ó pariwo: "Auntie, ẹ gbà mí o! Ọmọ-ọ̀dọ̀ yín ò mọ olonka. Ṣé Òyìnbó lẹ gbà síṣẹ́ ni?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo fọwọ́ kan ibí, mo fọwọ́ kan ọ̀hún, ó tò. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní láìsí Auntie, a gbé.

Ó dùn mọ́ mi. Ó dùn títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í korò.

Àìkú, 12

Mi ò kọ nǹkan kan lánàá. Ara mi ni mò ń bínú sí.

Ajé, 13

Madam ní bí kọ̀ǹpútà tuntun ò bá lè to ara rẹ̀ nígbà tó bá fi di Jímọ̀, a ó padà sí bá a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ náà ni Zuweira, ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, máa bẹ̀rẹ̀.

Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ohun tí mo fẹ́ gan-an. Kí ló wá dé tí mi ò lè yọ̀?

Ìṣẹ́gun, 14

Kwabena tún ti nu kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó gbà pé iṣẹ́ òun ló ní àṣìṣe. Ó ń ka iṣẹ́ ara rẹ̀ láti òkè délẹ̀, ó ń gbá iwájú orí. Ìyàwó rẹ̀ pè é pé kó wá kí àwọn jọ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ó ní kó máa lọ, òun ń wá àṣìṣe kan.

Èmi rèé lẹ́yìn rẹ̀, àṣìṣe náà wà lábẹ́ ìbòrí mi.

Fàsí, o ò ṣe é re.

Ọjọ́rú, 15

Mo ti fi fáìlì olonka kún Ọmọ-ọ̀dọ̀. Kò ju ìlà mélòó kan lọ.

Mo pe Kwabena síta, mo sọ ọ́ ní ṣàkó: mi ò gbàgbé, mo fi pamọ́ ni. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ei, Auntie." Ó tún ní, "Mo ń nu kọ̀ǹpútà bí ẹni ń nu tábìlì, ẹ ń wò mí." Ó wọlé lọ.

Ọjọ́bọ̀, 16

Ó kí gbogbo èèyàn. Kò kí mi. Ó tọ́ sí mi. Mi ò ní í yọ ìlà kankan kúrò lára Ọmọ-ọ̀dọ̀.

Jímọ̀, 17

Zuweira dé. Kí n má baà dìde, mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Ó tẹ àṣẹ, ó ń mu omi inú ọ̀rá, ó ń wo fóònù. Nígbà tó yá ó ní, "Ó ti parí. Olonka gàrí pé. Kí ni kí n ṣe báyìí?"

Kwabena ni Zuweira bi. Kò sẹ́ni tó wojú mi.

Madam pè mí wọlé. Ó kí mi kú iṣẹ́: "Auntie, ayekoo!" Ó wá béèrè ohun tí mo rò pé mo lè máa ṣe. Mo ní mo fẹ́ kọ́ kíkọ prógráàmù fúnra rẹ̀. Ẹni tó kọ Ọmọ-ọ̀dọ̀ lè kọ òmíràn. Ó ní abẹ́ Kwabena nìyẹn wà. Bó bá gbà, òun gbà.

Mo lọ bá a. Mi ò sọ ìtàn. Mo ní, "Madam ní kí n bi ọ́. Ṣé wàá gbà mí?"

Ó gbójú sókè. Ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ kà á. Ohun tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ béèrè. Ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀, Auntie, ẹ má fi pamọ́ fún mi mọ́."

Mo fa àga, mo jókòó.