Àyè Ilé Yín Ṣófo Lórí Omi

Òbè-Adùwò,
13 Oṣù Kẹwàá, 1999.

Pius ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ìwọ àti ìyàwó rẹ. Kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí oúnjẹ Òkìtìpupa má ṣe bà yín nínú jẹ́. Ara èmi le. Ìyá mi ń kí ọ. Wọ́n ní o ti pẹ́ jù lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ilé-iṣẹ́ epo rán akọ̀wé kan sí wa láti ka iye ilé tí epo rọ̀bì àti òkun bà jẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé rẹ̀ nìkan ni wọn yóò fún ní ilẹ̀ tuntun lókè odò. Ó kà á tán, ó ní ilé mọ́kànlá péré ni òun fojú rí. Mọ́kànlá! Ìlú tó ní òpópónà mẹ́ta nígbà tí èmi àti ìwọ wà ní kíláàsì kẹrin.

Àwa ọ̀dọ́ pinnu láti gba ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rẹ̀, kí a sì mú òun náà mọ́lẹ̀. O mọ̀ mí, èmi ni mo wà níwájú. Àǹtí Fadékẹ́mi ló dá wa dúró. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ láti Òde Ugbó dé Aráròmí, tí wọ́n ń kó ènìyàn jọ nítorí omi wa. Wọ́n ní, "Kọ́lájọ, bí o bá gba ọkọ̀ rẹ̀, sójà ni wọ́n máa rán wá lọ́la. Ṣé sójà ló máa bá ọ ka ilé?" Mo padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn.

Mo wá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn kò fi jókòó sídìí iṣẹ́ tíṣà wọn ní Àkúrẹ́. Wọ́n ní nígbà tí epo kọ́kọ́ tú sómi, ìyá wọn fọ ẹja kan lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á tún un fọ̀, títí ẹja náà fi tú mọ́ wọn lọ́wọ́. "Ìyá mi rò pé ọwọ́ àwọn ló dọ̀tí. Wọ́n kú láìmọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn. Ìyẹn ni mo ṣe padà wálé."

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá tí akọ̀wé tún ń bọ̀, Àǹtí ní kí oníkálùkù wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí ibi tí ilé rẹ̀ wà kí òkun tó gbà á, kí ó ju ìdákọ̀ró síbẹ̀. Pius, bí àlá ni. Kùrukùru bo omi, kò sí ìró kan àfi ti àjẹ̀. Àwọn àgbà ń wo igi àgbọn méjì tó ṣẹ́kù, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ojú ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì rèé. Ẹnu ọ̀nà Láwàl rèé." Nígbà tí kùrukùru ká, ìlú wa ti yọ, òpópónà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo rí èéfín tó ń jáde láti ilé ìdáná.

Ibẹ̀ ni Ìyá Rekiyat ti figbe ta: "Kọ́lájọ! Inú ilé ìdáná mi lo dúró sí yẹn! Ṣé ọbẹ̀ lo wá jí ni?"

Mo ní kí wọ́n má bínú, mo rò pé pálọ̀ wa ni.

"Pálọ̀ wo? Bàbá rẹ ò kọ́ ilé tó gùn tó bẹ́ẹ̀ rí! Sún sẹ́yìn!" Gbogbo òpópónà bú sẹ́rìn-ín.

Akọ̀wé dé, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó wò wá títí. Ó bi Ìyá Rekiyat pé, "Ta ló ni ibí yìí?" Wọ́n ní, "Wọlé ná, kí o tó béèrè." Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ.

Ilé mẹ́tàlélọ́gọ́rin ló kọ. Ṣùgbọ́n àyè kan ṣófo láàárín ilé Láwàl àti tiwa. Tiyín ni. Mo fa ìdákọ̀ró mi yọ, mo sáré wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ní, "Ìwọ kọ́ ni mo kọ tán yìí?" Àwọn kan ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n parọ́. Mi ò lè parọ́ nínú ilé bàbá rẹ. Mo ní ilé ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ní kí onílé fúnra rẹ̀ wá. Ó fi ìlà kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan sí i. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù yìí, ló ń padà bọ̀, ìgbà ìkẹyìn sì nìyẹn.

Mo mọ̀ pé o búra pé o ò ní fojú kan omi yìí mọ́ láti ìgbà tí òkun ti gbé ibojì bàbá rẹ lọ. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn ọ́. Ìbúra yẹn ń ran akọ̀wé lọ́wọ́ ni. Wá dúró nínú ilé yín. N ó wa ọkọ̀ wá pàdé rẹ ní Igbókọ̀dá.

Kí omi gbà ọ́ láyè lọ, kí ó gbà ọ́ láyè bọ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ìran bàbá rẹ di ìlà òfìfo nínú ìwé ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í gbà fún ọ,
Kọ́lájọ Ògúnlànà.

Àfikún: Ìyá mi fi ẹnu ọ̀nà yín hàn mí, mo sì ti ri ọ̀pá méjì mọ́ ọn. Bí mo bá ń lọ sídìí àwọ̀n láàárọ̀, mo máa ń dúró níbẹ̀, mo máa ń ké àgò. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó dá mi lóhùn.