Ṣájà Tójú Rẹ̀ Pọ́n

Ọmọ́bọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Èkó ò gbóná jù, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Àwa tá a wà ní Dógáráwá níbí ń mí, a sì dúpẹ́. Ewúrẹ́ ìyá rẹ ti bímọ, ó sì ti jẹ ìbòrí tó o rà fún un. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ, àmín. Ìyá rẹ ló máa fi fóònù ya ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ, ìdí nìyẹn tí mo fi fọ ọwọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ìdọ̀tí má baà bá a dé Èkó. Bó o bá kà á tán, ká a dáadáa kó o fi í síbi tí òjò ò lè dé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi mi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní bí ẹ́ńjìnnì oníbátìrì tó o rà fún mi kò bá ṣiṣẹ́ títí di Kérésìmesì, wàá mú ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà wá, kí n sì wá máa gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín. Mo mọ̀ pé nítorí èjìká mi tí kò lè tukọ̀ mọ́ lo ṣe sọ ọ́. Kò bí mi nínú, ó kàn dùn mí ni. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ rélùwéè, odò Gálmà nìkan ni kì í bi mí pé kí ni mo wá ṣe.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà kọ́kọ́ dé, bó o ṣe wí ni mo ṣe lọ ra ṣájà bátìrì lọ́dọ̀ Fọlájìmí, ọmọ Ìlọrin tó ń ta nǹkan oníná ní Sábón Gàrí. Ó bi mí bóyá bátìrì olómi ni àbí gbígbẹ. Mo ní ojú omi ni mò ń gbé e lọ, báwo ló ṣe máa gbẹ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé e wá kóun rí i. Mo gbé e wọ kẹ̀kẹ́ nàpẹ́ẹ̀pù wá, awakọ̀ sì gba owó èèyàn méjì lọ́wọ́ mi, ó ní bátìrì jókòó sórí àga. Gbígbẹ ni Fọlájìmí pè é.

Ó wá gbé ṣájà síwájú mi. Ọ̀kan tóbi, ó ní ìdìmú bí àpótí, irú tí àwọn mẹkáníìkì ń lò. Èkejì ò ju búrẹ́dì kékeré lọ. Ńlá ni mo mú, torí ẹni tó ti bá ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́ kì í ka nǹkan kékeré sí. Fọlájìmí gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní ńlá yẹn á yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n á se inú bátìrì mi jinná, pé kékeré ló máa rọra fún un níná mu bí ìyá ọmọ tuntun. Ó fi Hausa kún un pé sannu ba ta hana zuwa, pé ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ náà á dé. Mo mú kékeré. Ó ní bí mo bá ti kì í bọ iná, kí n ní sùúrù títí àwọ̀ iná ara rẹ̀ á fi yí padà.

Mo délé, mo kì í bọ iná, iná pupa ló tàn. Ọmọ mi, o mọ iṣẹ́ tí bàbá rẹ ṣe. Géètì ojú irin ni mo ṣọ́ títí irun mi fi funfun. Bí mo bá gbé àsíá pupa sókè, ìbáà jẹ́ ọba ló wà nínú mọ́tò, á dúró. Ṣé èmi náà ni màá wá rí iná pupa nínú yàrá mi tí màá jẹ́ kí nǹkan máa kọjá? Mo yọ ọ́ kíá. Mo jókòó tì í, mo ní sùúrù bí wọ́n ṣe ní kí n ní in. Mo tún kì í bọ̀ ọ́, pupa náà ni, mo tún yọ ọ́. Mo yin ṣájà náà nínú ọkàn mi pé olóòótọ́ ni, pé ewu kan ń bọ̀ tí kò fẹ́ kó bá wa. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ọ̀sẹ̀ fi parí.

Ní Sátidé, mo rò pé sùúrù mi ti tó, ni èmi àti Sàláwù, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ń pẹja, bá gbé bátìrì lọ sódò. Ẹ́ńjìnnì gbé mi dé àárín omi, ó sì dákẹ́. Sàláwù fi okùn so ọkọ̀ mi mọ́ tirẹ̀, ó fà mí padà lójú gbogbo àwọn tó wá ra ẹja. Kò bú mi. Ó kàn ní kai, ẹ́ńjìnnì ọmọ mi mà fẹ́ràn ìsinmi o. Ìyá rẹ ló ròyìn fún ọ, lo bá sọ ọ̀rọ̀ títa yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo bá ṣájà nínú iná, pílásítà tí mo máa ń lẹ̀ mọ́ èjìká ló bò ó lójú. Mo bi ìyá rẹ pé kí ló ṣe é. Ó ní àpólò ni, pé ojú rẹ̀ ti pọ́n jù, pé ẹni tójú ń dùn kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun, kí n bọ́ síta. Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Gbogbo ìgbà tí mò ń wò ó, ìkìlọ̀ ni mo rò pé ó ń ṣe, n ò mọ̀ pé àìsàn ni. Ilẹ̀ mọ́, iná ò lọ, ìyanu lèyí náà. Ìyá rẹ ní kí n wá ṣí i. Mo ṣí pílásítà náà, ara rẹ̀ ti yá, ojú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé, bí àsíá tí mo máa ń jù fún ọkọ̀ Kano. Mo kí i kú ewu. Ìyá rẹ sá wọ ilé ìdáná, mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. N ò mọ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn.

Lánàá, ẹ́ńjìnnì gbé mi dé òdìkejì odò níbi tí koríko wà, ibi tí èjìká mi ò jẹ́ kí n dé mọ́, ó sì gbé mi padà. Mo pa àrọ̀ ńlá kan. Sàláwù mú okùn rẹ̀ dání, kò rí nǹkan fà. Inú mi dùn, Bọ́lá, débi pé mo kọrin lójú omi, bẹ́ẹ̀ n ò mọ orin.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún pílásítà. Ṣájà ti lò ó tán, èjìká mi sì ń dùn mí. Má gba ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ POS sanwó lójú ọ̀nà wa o. Níjọ́sí ó ní nẹ́tíwọ̀kì ti lọ, pé kí n dúró dè é. Mo fi àyè sílẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú, kò wá.

Ojú ò ní pọ́n ọ láyé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní dákẹ́ láàárín omi. Kérésìmesì ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹja lo ń bọ̀ wá jẹ, máa bọ̀, ojú irin ti ṣí, àsíá aláwọ̀ ewé ni mo gbé sókè. Ṣùgbọ́n bó o bá mú ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ mi dání, iná pupa lẹ máa bá lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí pílásítà nílé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Oyèdàpọ̀, aṣọ́géètì.