Ohùn Tí Mo Rò Pé Èmi Nìkan Ni Mò Ń Gbọ́

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kejì

Géralda, àbúrò ọkọ mi, ló ń kọ èyí sílẹ̀ fún mi nínú yàrá ìdáná rẹ̀, ní òdìkejì títì sí ilé mi. Èmi Alvina Cyr ló ń sọ ọ́. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí. N kò mọ ìwé kà, Géralda nìkan ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Réal ọkọ mi ti kú. Colette ọmọ mi kò mọ̀. Réal ló ń ka ohun gbogbo fún mi nígbà ayé rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé ó ń jẹ gàba lé mi lórí ni. Mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀.

Mo ní kí Géralda kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé pẹ̀lú èébú rẹ̀?" Mo ní pẹ̀lú èébú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òní. Wade, ọkọ Colette, ń ṣiṣẹ́ òru nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe pépà, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ọ̀sán lèmi náà fi ń wo fíìmù. Etí mi ti ń di, ohùn rẹ̀ sì máa ń lọ sókè. Lánàá, Wade sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n jọ̀wọ́ dín in kù. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ — Ọ̀gbẹ́ni Jẹ́jẹ́ ni mò ń pè é níbí. Mo sọ fún un pé Réal ti kọ́ ilé yìí kí wọ́n tó bí òun. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó padà sókè.

Colette gbọ́, ó wá bá mi. Ó ní èèyàn kì í ṣiṣẹ́ láìsùn. Ó ní kí n pa ohùn fíìmù, kí n máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Mo ní ojú mi ò gbé e. Ó ní ó dáa, àfisétí ló kù nìyẹn, kí ohùn máa wọ etí mi nìkan. "Ẹ yan èyí tó bá wù yín, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ yàn án lọ́sẹ̀ yìí."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Colette mú àfisétí kékeré kan wá, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò etí. Ó rí bí ẹ̀wà méjì. Ti òsì já bọ́ sínú ọbẹ̀ adìẹ mi. Mo fi ṣíbí gbé e jáde, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo ní kó dá a padà. Ó ní ta ni yóò gba èyí tó ti jẹ ọbẹ̀?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Wade yá mi ní tirẹ̀, olókùn. Okùn náà kúrú. Mo ní láti sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó fẹ́ fẹnu kò ó lẹ́nu. Mo gbàgbé, mo dìde, okùn fà mí lórí, tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Wade sáré wá pẹ̀lú aṣọ tútù. Kò tíì sùn rárá. Ó ní òun á lọ bá mi ra òmíràn. Mo ní orí mi ló máa wọ̀ ọ́, èmi ni n ó yàn án.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Géralda fi ọkọ̀ gbé mí lọ sí ṣọ́ọ̀bù nínú òjò dídì. Obìnrin tó ń tajà kó mẹ́ta sílẹ̀. Ó ti ìwé kan sí iwájú mi, ó ní ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣe wà níbẹ̀, kí n fi wọ́n wéra. Mo ní mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Awò mi wà láyà mi, ó so mọ́ okùn. Obìnrin náà wò ó. Ó wo ojú mi. Géralda fẹ́ fa ìwé náà mọ́ra, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Mo fi orí yàn án. Èkíní fún mi bí fìlà ọmọdé. Èkejì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ há, bíi ti ẹni tó wà nínú àgbá. Ẹ̀kẹta ni mo mú: kò lókùn, tìmùtìmù rẹ̀ bo gbogbo etí, ó sì ní ìjókòó tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ó ti ń gba iná sára tí a bá ti lò ó tán. Mo ń pè é ní Adé. Obìnrin náà ní kí n máa kọ́kọ́ gbé e sórí kí n tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tẹlifíṣọ̀n máa bi mí ní ìbéèrè kan, kí n fèsì. Mo ní mo ti gbọ́.

Nínú ọkọ̀ Géralda ní, "Ìbéèrè wo?" Mo ní kó máa wo ọ̀nà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Colette wà níbi iṣẹ́. Wade ń sùn. Mo lè dúró de Géralda. N kò dúró.

Mo ki okùn ìjókòó rẹ̀ bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ihò rẹ̀ bá ẹnu rẹ̀ mu. Mo gbé Adé sórí, mo tan tẹlifíṣọ̀n. Ìbéèrè náà yọ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ gígùn lókè, ìlà méjì nísàlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ wà lára ọ̀kan. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ wà lára rẹ̀ ni mo tẹ̀. Ohùn wọlé sí mi létí bíi pé inú agbárí mi ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Mo fi rìmóòtù gbé e sókè. Mo tún gbé e. Ta ni mo ń dí lọ́wọ́ mọ́?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Fíìmù ń lọ lọ́wọ́, mo rí Wade nítòsí àga mi, ẹnu rẹ̀ ń mì. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Mo tọ́ka sí Adé lórí mi, mo rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ lé e padà sókè. Ó wò mí pẹ́. Ó wọ bàtà òjò dídì, ó jáde, ó gbé píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ.

Mo rò pé ó wá yìn mí ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Fíìmù méjì. Ilé dákẹ́ bíi ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Lẹ́yìn Máàsì a ta káàdì ní gbọ̀ngàn ìjọ. Bernadine, tí a jọ máa ń ta káàdì, ní òun rí píkọ́ọ̀pù Wade létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ ojú omi sínú omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Aago mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ mẹ́ta léra. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, èémí ti bo gbogbo gíláàsì. Mo ní èémí ẹnì kan kì í bo gíláàsì tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó yí tábìlì ká rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn mọ́ mi.

Mo délé, mo sọ ọ́ fún Colette. Ó jókòó. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí bẹ́ẹ̀dì ti máa ń tutù nígbà tí òun bá dé láti ibi iṣẹ́. Ó pe Wade, ó bi í ibi tó ń lọ lọ́sàn-án. Wade ní òun ń wá ibi tí òun á sùn sí, torí ilé kò dákẹ́. Colette ní kó wá irọ́ mìíràn, àfisétí wà lórí ìyá òun, òun fojú ara òun rí i. Wade yíjú sí mi. Ó ní, "Ẹ sọ fún un, Màmá." Mo ní ilé dákẹ́. Mo fi orí Réal búra.

Mo pe Lucien ọmọ mi lórí fóònù ní Connecticut. Mo ní àna rẹ̀ ni ajá tó ń jẹun nílé méjì.

Géralda dá bíírò dúró níbí yìí. Ó ní ṣé kí òun kọ ti ajá? Kọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Lánàá mo gbàgbé láti gbé Adé padà sórí ìjókòó rẹ̀. Lónìí, láàárín fíìmù, iná rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n obìnrin inú fíìmù náà kò dákẹ́. Ó ń sunkún lọ, ohùn rẹ̀ kàn jìnnà díẹ̀. Mo bọ́ Adé kúrò lórí, mo gbé e sórí itan mi. Ohùn náà pọ̀ sí i. Ife ń gbọ̀n lórí pẹpẹ. Tẹlifíṣọ̀n ni. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni tẹlifíṣọ̀n ti ń pariwo sínú ilé, tí èmi fi nǹkan bo etí. Mo máa ń gbé e sórí kí n tó tan tẹlifíṣọ̀n, mo sì máa ń pa tẹlifíṣọ̀n kí n tó bọ́ ọ. Níbo ni n bá ti mọ̀?

Wade kò sí nílé. N kò pa fíìmù náà. Mo di àtẹ̀gùn mú, mo gòkè pẹ̀lú ìbàdí mi tí kò dáa, ó gbà mí ní àkókò. Wade ti ká táwẹ́ẹ̀lì, ó fi dí abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá wọn. Ó ti gbé ìrọ̀rí lọ sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí orí rẹ̀ lè jìnnà sí ihò tí ooru ń gbà gòkè láti pálọ̀. Mo jókòó níbẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí wọ́n ní etí mi ti di.

Ìbéèrè yẹn. Ìlà méjì yẹn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

N kò wo nǹkan kan. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Géralda ní kí n sọ fún Colette lónìí. Mo ní tí mo bá sọ ọ́, ó máa bi mí pé kí ló dé tí n kò ka ohun tí wọ́n kọ síwájú mi. Géralda ní, "Ẹ fún un lésì." Ó rọrùn fún un láti sọ. Ó lo ọdún méjìlá nílé ìwé.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí olùkọ́ na ọwọ́ mi nítorí pé mo sọ Faransé, èdè ilé wa, ní àgbàlá ilé ìwé. Àkókò ìwa pòtétò dé, wọ́n ti ilé ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwa ọmọ lè ṣiṣẹ́ oko. Nígbà tí wọ́n ṣí i, n kò padà. Kò sẹ́ni tó béèrè mi. N kò fi ṣe àwáwí. Mo ní ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin lẹ́yìn ìyẹn láti fi kọ́ ọ.

Nírọ̀lẹ́ mo sọ fún Colette pé àfisétí ti bàjẹ́, pé n kò ní wo fíìmù lọ́sàn-án mọ́. Mo rò pé ilé á dákẹ́, Wade á padà sùn, ọ̀rọ̀ á sì tán láìsí pé mo lanu. Colette ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu nítorí rẹ̀, Màmá. Ẹ̀bi yín kọ́."

Kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Colette kó aṣọ Wade sínú báàgì dúdú méjì, ó gbé wọn sí ẹnu ọ̀nà. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti fẹ́ra. Wade kò jà. Ó tún bi í lẹ́ẹ̀kan péré bóyá ó gba òun gbọ́. Colette ní ìyá òun kò lè fi orí bàbá òun búra irọ́.

Mo ń bó pòtétò. Wade yọ orí wọlé, ó ní, "Ó dàbọ̀, Màmá." N kò gbé ojú sókè. Mo bó pòtétò tó tó èèyàn mẹ́wàá.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo ní kí Géralda fi ọkọ̀ gbé mí lọ sétí adágún. Píkọ́ọ̀pù náà wà níbẹ̀. Èémí bo gíláàsì. Èèyàn kan ló wà nínú rẹ̀, ó fi fìlà bo ojú, báàgì dúdú méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo kan gíláàsì. Ó ta gìrì. Ó rò pé nǹkan ti ṣe Colette ni.

Mo dúró nínú òjò dídì, mo sọ ọ́. Mo ní kì í ṣe pé mo fẹ́ dà á láàmú. Mo ní n kò mọ̀ pé ohùn ń jáde. Ó ní, "Màmá, mo sọ̀ kalẹ̀ wá bá yín. Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ lé mi." Mo ní mo rò pé ó wá yìn mí. Ó ní ṣebí tẹlifíṣọ̀n ti béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kó pa ohùn ara rẹ̀, ó wà níbẹ̀ gbangba, wọ́n kọ ọ́. Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n kà. Ó ní ṣé lẹ́tà rẹ̀ kéré jù ni? Mo ní kò sí èyí tí mo mọ̀ kà, ńlá àti kékeré.

Ó bi mí bóyá Colette mọ̀. Mo ní rárá. Ó bi mí ta ló sọ fún Colette pé òun ní obìnrin. Mo ní èmi ni.

Nígbà náà ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ẹ sọ fún un. Mi ò ní bá yín sọ ọ́, mi ò sì ní fẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn kí ẹ tó sọ ọ́." Ó fa gíláàsì sókè. N kò dá a lẹ́bi.

A ti padà sí yàrá ìdáná Géralda báyìí. Aago kan ti lù. Colette ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Òun ló kàn, lónìí, kó tó bọ́ bàtà. Ẹnu ara mi ni n ó fi sọ ọ́. Géralda, ìwọ jókòó tì mí pẹ̀lú ìwé yìí; bí mo bá ti ń yí ọ̀rọ̀ po, ṣí i, kà á fún un láti ojú ewé àkọ́kọ́. Má fo ti èémí orí gíláàsì. Má fo orí Réal. Lẹ́yìn rẹ̀, Lucien, lórí fóònù, kí o sì ka ti ajá fún un. Ọjọ́ Àìkú, Bernadine àti gbogbo tábìlì káàdì, kí ẹnikẹ́ni tó pín káàdì. Ṣùgbọ́n Colette ṣáájú gbogbo wọn. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti sọ pé n kò mọ ìwé kà, torí ibẹ̀ ni n ó fẹ́ fò.