Ọ̀rọ̀ Gólì Inú Páálí Sìgá àti Ewúrẹ́ Mi

Ernest ọmọ mi ní Èkó,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun ìrìn. Ọlọ́run tó mú ọ wọ ọkọ̀ ní Kábà tó sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní Èkó láìfarapa yóò máa ṣọ́ ọ. Ara wa le, iṣu ta dáadáa. Folúkẹ́ àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi omi la ọ̀rọ̀ mi.

Inú ń bí mi, Ernest. Àwọn àwòrán agbábọ́ọ̀lù tí o yọ nínú páálí sìgá tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ nígbà Àjíǹde, o rò pé ohun ìṣeré ni. Bàbá rẹ tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ní wọn ò pé, pé mọ́kànlá ni ọmọ bọ́ọ̀lù máa ń jẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ra sìgá, ọkùnrin tí kò fa sìgá rí, tó ń gbé àgbélébùú ṣáájú ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yóò já páálí, yóò mú àwòrán, yóò pín sìgá fún àwọn tó ń ti oko bọ̀, wọ́n wá ń kí i ju Fádà lọ. Ọkùnrin onírunmú kan wà nínú páálí náà tí kì í yéé wá. Mo ní bóyá ó ní ìbátan níhìn-ín ni.

Ó wá ku gólì, ẹni tó ń ṣọ́lé. Bámigbóyè aránṣọ ló ní i, ó ní òun ò tà á. Mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsánlú, mo dé, n kò bá ewúrẹ́ mi tó lóyún lórí ìso. Mo bi bàbá rẹ, ó nawọ́ sí ògiri tó to àwọn àwòrán náà sí, ó ní kí n wò ó, wọ́n ti pé. Òyìnbó kan ló nawọ́ méjèèjì sókè níbẹ̀ bí ẹni tó túúbá. Mo ní ó yẹ kó túúbá, ewúrẹ́ mi ló jẹ.

Àfi bí Tíṣà Lájídé ṣe yà kí wa, tó yí ọ̀kan padà, tó ní ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni pé àádọ́ta ni gbogbo wọn. Èmi ti rò pé ọjọ́ orí wọn ni nọ́ńbà ẹ̀yìn yẹn. Bàbá rẹ rọra jókòó. Èmi ò jókòó. Mo yọ gólì lára ògiri, mo gbé e lọ bá Bámigbóyè, mo ní kó dá ewúrẹ́ mi padà kí n tó pe gbogbo Kábà. Ìyàwó rẹ̀ ló tú okùn.

Bàbá rẹ kò bá mi jà, ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Bó bá ń jẹun, yóò kọjú sí ògiri, yóò ní kò sẹ́ni tó ń ṣọ́lé mọ́, gbogbo bọ́ọ̀lù ló ń wọlé. Oúnjẹ kì í tán nínú àwo rẹ̀.

Nítorí náà, lọ bá òyìnbó tó ń ṣe sìgá. Kí i dáadáa. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní kò bójú mu kí èèyàn kó ọmọ bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ kó sì dá ẹni tó ń ṣọ́lé dúró. Bó bá ti fún ọ, fi ránṣẹ́ kíákíá. Àwọn tó kù kí wọ́n tó pé àádọ́ta, má ṣe jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ ibi tí wọ́n wà. Fi owó epo òyìnbó sí i, nítorí inú òkùnkùn la wà, sìgá ti gba owó àtùpà.

Ọlọ́run yóò bá ọ ṣe é. Ohun tó kù kí ayé rẹ tó pé kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò bèèrè ewúrẹ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Martha.